Ahánbọ́ọ̀lù Tí Kò Lè Dọ̀bálẹ̀

Bàbá Suara kò gbójú sókè. Abdulqoyum, ọmọ àbúrò wọn tó ti Amẹ́ríkà dé, ti dúró níwájú wọn, ó ti tẹ̀ ba díẹ̀, ó ti na ìka sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́, ó ti ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó sì ti nàró padà. Wọ́n ń nu ehín máṣìnnì ìránṣọ kan tí wọ́n tú palẹ̀ sórí àpò níwájú ilé wọn ní Agége. Wọ́n rọ kẹrosíìnì sí àkísà, wọ́n ní, "O káàbọ̀," wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìgbà kẹta tí Qoyum yóò wá kí wọn nìyẹn, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ sì rí.

Ní Èkó, a ti sọ ìdọ̀bálẹ̀ di nǹkan tí a ń ṣe kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin á fi ìka kanlẹ̀, á ti gbéra kí àgbà tó dáhùn, àgbà náà á ní "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," torí gbogbo wa la ní ibi tí à ń sáré lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ̀bi nìyẹn wà fún. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú tí kò wá, tí wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tí kò wá, tí wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́ tí a kò fojú kàn án, tí ọdún wá ń gorí ọdún, ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti fi àyà lélẹ̀ gbalaja, kó sì wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi ní kó dìde. Ọmọ tí a bí sí Agége kò nílò ẹni tí yóò fi ìyẹn kọ́ ọ.

Bàbá Suara ti rán Uswat, àbúrò Qoyum, sí i. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, ọjọ́ náà ni àwọn yóò mú un dé ibi sàréè bàbá rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo tó gbé Qoyum wá sílé sì nìyẹn. Ó fẹ́ dúró níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, kó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ara tù ú. Ṣùgbọ́n itẹ́ òkú tí wọ́n sin Ishaq, bàbá rẹ̀, sí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lára òkúta. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, koríko á hù sí i, òjò á sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Àwọn tó gbé òkú lọ nìkan ló ń mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Uswat kò mọ̀ ọ́n, torí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin tẹ̀ lé òkú débẹ̀. Nínú àwọn tó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ti kú, ẹnì kan ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́, ó wá ku Bàbá Suara, tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tú okùn aṣọ funfun lórí àbúrò wọn.

Qoyum kò sì lè dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti tán.

Bọ́ọ̀lù ló jẹ wọ́n tán, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ̀ ń rò. Bésíbọ́ọ̀lù ni. Ẹnì kan á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ẹnì kejì á fi igi dúró dè é kó lè gbá a lọ jìnnà. Lẹ́yìn onígi ni ẹnì kẹta máa ń lóṣòó sí, tí yóò fi irin bojú, tí yóò fi ìbọ̀wọ́ awọ hán bọ́ọ̀lù tí igi kò bá bà. Òun ni ahánbọ́ọ̀lù. Àwọn tó kù ń nàró, ó ń lóṣòó. Bọ́ọ̀lù dé, ó hán an, ó jù ú padà, ó tún lóṣòó. Ẹ lóṣòó ká sọ pé ẹ fẹ́ fọ abọ́ mélòó kan, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Qoyum ṣe é láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún títí irun funfun fi yọ nínú rẹ̀.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Orí pápá ilé ìwé kan ní Agége níbí ni tíṣà kan ti kó àwọn ọmọ jọ, tó ní òun fẹ́ kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Kò sí ìbọ̀wọ́. Ishaq, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú, mú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fa páànù gbígbóná wá sílé. Ó ti fàya. Bàbá Suara gbà á, wọ́n ki fóòmù sí i nínú, wọ́n fi máṣìnnì wọn rán an lẹ́ẹ̀mejì yíká, wọ́n ní, "Wọ̀ ọ́ wò." Ìbọ̀wọ́ tó gbé e dé iwájú àwọn òyìnbó tó wá wo àwọn ọmọ nìyẹn, tí wọ́n fi mú un lọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, bàbá méjèèjì ló sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí símẹ́ńtì níbẹ̀, ṣòkòtò tuntun rẹ̀ dọ̀tí, kò sì bìkítà.

Kò di gbajúmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà máa retí rẹ̀. Àwọn ìlú kékeré ló ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ìlú tí bọ́ọ̀sì á gba inú oko àgbàdo kó tó débẹ̀. Ìpele ni wọ́n fi ń gòkè níbẹ̀, ó sì dé ìpele tó kàn sí òkè pátápátá, ó lo ìgbà díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dá a padà. Ohun tí wọ́n ń yìn ín fún kò pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni. Bọ́ọ̀lù tó bá yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ahánbọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ á hán an, á sì rọra fa ọwọ́ wọ àárín, wẹ́rẹ́, tí adájọ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ á fi ní bọ́ọ̀lù náà gún régé. Ọwọ́ Qoyum mọ ìyẹn ṣe. Bọ́ọ̀lù burúkú á dé ọwọ́ rẹ̀, á di èyí tó dára.

Ohun tó ń ṣe sí bọ́ọ̀lù ló ń ṣe sí ara rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá ní orúnkún ń dun òun, ẹlòmíràn ti wà lórí bẹ́ńṣì tó ń di okùn bàtà. Ó kọ́ láti máa rẹ́rìn-ín bó bá ń dìde. Ìka rẹ̀ méjì ṣẹ́, wọ́n sì wọ́ títí dòní. Ó di wọ́n pọ̀ mọ́ra, ó bá eré lọ. Oṣù tí bàbá rẹ̀ kú gan-an ni wọ́n pè é sókè, torí ahánbọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀ farapa. Uswat pè é láàárọ̀, ó ní wọ́n ti sin wọ́n. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Kí Qoyum tó jí, bàbá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Ó sunkún nínú ilé ìwẹ̀, ó fi irin bojú, ó jáde lọ lóṣòó. Ó ní bí eré ọdún náà bá parí, òun yóò wá.

Kí eré tó parí ni orúnkún ọ̀tún yẹ̀. Wọ́n là á. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé ìwé ìrìnnà ni kò jẹ́ kí òun lè wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n la ti òsì, ó tún irọ́ náà pa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ó ṣeun. Kò wá sílé síbẹ̀, torí ojú ń tì í láti wá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kónílé má rele, ti Qoyum kò tilẹ̀ dùn mọ́, ó sì padà wá.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò sọ ọ́. Èmi náà bi ara mi léèrè. Ohun tí èèyàn bá ti fi ọdún púpọ̀ pa mọ́ kì í tètè gba ẹnu jáde. Ó tún ń rò ó pé bí òun bá sọ ọ́ báyìí, àwáwí ni yóò jọ, wọn yóò ní ṣé orúnkún ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú ni?

Ó gbìyànjú o. Ní ọjọ́ kan tí Uswat ti lọ síbi iṣẹ́ ní Opebi, níbi tó ti ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan, Qoyum ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní ọ̀sán gangan, ó ní òun fẹ́ fi dánra wò. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀, ó fi ìkejì sílẹ̀, orúnkún dún bí igi gbígbẹ, àyà rẹ̀ sì kan símẹ́ńtì. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó wá ku dídìde. Ó tì í síhìn-ín, ó tì í sọ́hùn-ún, orúnkún kọ̀ jálẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ rédíò ará ilé kejì títí wọ́n fi ka ìròyìn tán, kó tó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ dìde. Ó rò ó bí yóò ṣe rí níwájú ilé Bàbá Suara, tí gbogbo àdúgbò á máa wò, tí wọn yóò gbé e bí ẹni gbé àpò gààrí. Ó nu àyà rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Uswat dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní Bàbá Suara ti fi òmíràn kún un báyìí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kírun mọ́, torí wọn kò rí i rí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, Jímọ̀ ò, ọjọ́ lásán ò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ lásán nìyẹn," Uswat wí. "Ẹ kàn fi àyà kàn án, kí ọkàn Bàbá balẹ̀, ká lè mọ ibi tí Dádì wà. Èmi náà fẹ́ mọ̀."

"Ó rẹ̀ mí, Uswat."

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé ló ti ń rẹ̀ yín. Kí lẹ ṣe?"

Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ó rẹ̀ ẹ́ kọjá ohun tí oorun lè wò. Ó wo àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ bàtà iṣẹ́, ó sì káàánú rẹ̀, torí pé òun ni wọ́n ń rán síwá sẹ́yìn láàárín ẹni méjì tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrun yẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Qoyum ń kírun. Orí àga ló ti ń kí i, torí kò lè kúnlẹ̀ débi tí yóò forí kanlẹ̀, ìyẹn ni kò sì ṣe jẹ́ kí wọ́n rí òun ní Agége. Ní gbogbo Jímọ̀, á wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlúpéjú, sí mọ́ṣáláṣí kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi aṣọ iṣẹ́ wọn kírun tí wọ́n á sì sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Àga oníke mélòó kan wà lẹ́bàá ògiri ní ìparí ìlà, fún àwọn arúgbó àti aláìsàn. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí láàárín àwọn bàbá eléegun ríro, tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló gbé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sínú ẹgbẹ́ àwọn.

Ohun tí Qoyum gbàgbé ni pé kò sí ibi tí máṣìnnì ìránṣọ kì í gbé bàjẹ́. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlúpéjú ránṣẹ́ pe Bàbá Suara pé kí wọ́n wá wo máṣìnnì mẹ́ta. Iṣẹ́ náà gùn, ìrun ká wọn mọ́bẹ̀. Wọ́n sáré wọ mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, wọ́n bá a pé lèmọ́mù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí àyè tó ṣẹ́ kù ní ìparí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrun kì í wò yíká. Qoyum náà kò wò. Ó kàn ń gbọ́ òórùn kẹrosíìnì ni, ó sì rò pé ará ilé iṣẹ́ kan ni.

Nígbà tí ìrun parí, àwọn èèyàn yíjú sí apá ọ̀tún láti kí àlááfíà, Qoyum náà yíjú sí ògiri. Bàbá Suara yíjú sí ọ̀tún, wọ́n sì rí i lórí àga. Àwọn èèyàn yíjú sí apá òsì. Qoyum yíjú sósì, ẹ̀yìn fìlà kan ló rí, fìlà kan tí òwú dúdú rán etí rẹ̀ níbi tó ti ya, ó sì mọ fìlà náà. Ìkíni méjì péré ló wà nínú ìrun, ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì ti parí. Ṣùgbọ́n Bàbá Suara tún yíjú sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n dúró kí Qoyum di ògiri mú kó dìde, wọ́n sì wo bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ẹ̀gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Lábẹ́ ìbòòji ògiri ìta ni wọ́n ti mú un jókòó, wọ́n ní kó ká ṣòkòtò sókè. Ó ká a. Wọ́n wo àpá tó gùn lórí orúnkún kan, wọ́n wo ti ìkejì, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ ibi tí máṣìnnì bá ti ń dún.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún tí Bàbá kú ni wọ́n la ti ọ̀tún. Wọ́n la ti òsì lọ́dún kejì."

"O wá ní ìwé ìrìnnà ni kò jẹ́ kó o wá."

"Mo rò pé ẹ máa ní àwáwí ni."

"Àwáwí wo ló ń ní ojú àpá?" Wọ́n já ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ fún un bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọdé. "Mo ní Amẹ́ríkà ti gùn ọ́ lórí. Mo sọ ọ́ káàkiri Agége. Mo ní o kò kírun mọ́."

Qoyum ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà, omi sì ti wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìdáhùn tó mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn. Bàbá Suara kó irinṣẹ́ wọn sínú àpò. Wọn kò padà sídìí máṣìnnì tó kù. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká lọ síbẹ̀," wọ́n sì wọ ọkọ̀ padà sí Agége.

Nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú, Bàbá Suara ṣáájú, Qoyum ń tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lọ tààrà títí dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, wọ́n dúró. Wọ́n yà sí òsì, wọ́n lọ díẹ̀, wọ́n tún dúró. Wọ́n padà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Qoyum rí i pé èjìká wọn ti sọ̀.

"Qoyum," wọ́n wí, láìwẹ̀yìn, "mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Wọ́n ní igi dóńgóyárò kan wà níbí. Tí àwọn bá ti dúró sídìí igi náà, àwọn mọ ibi tó wà bí àwọn ṣe mọ yàrá àwọn. Wọ́n dé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a pé wọ́n ti gé igi náà, wọ́n ti hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì ti sin àwọn ẹlòmíràn sí gbogbo àyíká rẹ̀. Wọ́n ti wá a títí. Wọ́n ti bi àwọn agbẹ́sàréè, àwọn yẹn ní àwọn kò mọ Ishaq kankan.

"Àbúrò mi kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ nù. Ká ní o dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irọ́ wo ni ǹ bá pa fún ọ? Gbogbo ìgbà tó o wá, tó o kàn tẹ̀ ba, inú ń bí mi, ọkàn mi sì ń balẹ̀."

Inú bí Qoyum. Ó ti la òkun kọjá nítorí òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan, kò sì sí òkìtì náà. Ó wo gbogbo àwọn tó tò lọ níwájú wọn. Àgbàlagbà yìí ì bá ti nàka sí èyíkéyìí nínú wọn, ta ni yóò já wọn ní koro? Òun gan-an ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ì bá rọra fà á wọ àárín, wẹ́rẹ́, kò sì sí adájọ́ tí yóò mọ̀. Nígbà tó rò ó débẹ̀, ìbínú náà kò rí ibi dúró sí mọ́, àánú ni ó ṣẹ́ kù. Ó sún mọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò fi ọwọ́ tì kó lè lọ sílẹ̀.

Bàbá Suara di apá rẹ̀ mú. "Má dán an wò. Ẹni tó bá rí wa níbí á ní òkú là ń forí balẹ̀ fún." Wọ́n mú un nàró. "Má ṣe é nílé náà mọ́. Mo ti gbà."

Wọ́n wá kí àwọn òkú bí a ṣe ń kí wọn, gbogbo wọn lápapọ̀, wọ́n ní àlááfíà fún ẹ̀yin ará inú sàréè. Wọ́n ṣe àdúrà, Qoyum ṣe àmín. Wọ́n ní, "Ó wà nínú wọn. Bá a sọ̀rọ̀, òun ló jẹ́ kó o wá."

Qoyum ti tọ́jú ọ̀rọ̀ náà láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ jẹ́jẹ́ ni, lẹ́bàá ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹlòmíràn kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó jẹ́ bàbá rẹ̀ nínú wọn. Bó bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọn lè má gbọ́. Ó gbé ohùn sókè, agbẹ́sàréè kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sì dá ọkọ́ dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá, èmi Qoyum ni. Mo ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Orúnkún mi ti bàjẹ́, méjèèjì, ó sì ń dùn mí. Ìyẹn ni mi ò ṣe wá."

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí apá kejì, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ, bóyá ọ̀hún ni wọ́n wà.